Ẹ̀kọ Tó Ń Gbẹ, Òòrùn Tó Ń Ràn

Ìyá aládìrẹ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, a máa wo ojú ọ̀run kí ó tó tẹ́ aṣọ. Àwọn ará Ìbàdàn gbajúmọ̀ fún fífi ìyẹ́ adìẹ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ní Abẹ́òkúta, páànù tí wọ́n gé ọnà sí lára ni wọ́n fi ń tẹ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ. Òfin kan náà ló de méjèèjì: ẹ̀kọ gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kí aṣọ tó wọ ìkòkò aró. Níbi tí ó bá ti lujú, aró yóò gba ibẹ̀ wọlé, ọnà yóò sì bàjẹ́.

Irú òfin yìí ló ń dààmú àwọn tó ń ṣe sólà tuntun tí à ń pè ní perovskite. Wọ́n á yọ́ iyọ̀ òjé àti èròjà mìíràn sínú oògùn olómi, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì. Bí ó ti ń gbẹ, wóró dídán á máa hù, á so mọ́ra, á di awọ kan tí irun orí fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún nípọn jù lọ. Bí gbígbẹ náà bá falẹ̀ jù, wóró díẹ̀ ni yóò hù, wọn á jìnnà síra, iná á sì máa jò dànù láàárín wọn.

Ní 2009, nígbà tí Tsutomu Miyasaka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáánù kọ́kọ́ fi í ṣe sólà, nǹkan bí 3.8 péré nínú 100 ìpín agbára òòrùn ló di iná. Lónìí, ó ti kọjá 26 ní yàrá ìwádìí. Lára ohun tó mú un tẹ̀ síwájú ni ọgbọ́n tí ikọ̀ Sang Il Seok ní Gúúsù Kòríà gbé jáde ní 2014: bí gíláàsì ti ń yí bírí, wọ́n kán olómi mìíràn, tí iyọ̀ náà kì í yọ́ sínú rẹ̀, lé e lórí ní àkókò tó yẹ gẹ́lẹ́. Wóró á hù káàkiri lẹ́ẹ̀kan náà; ooru yóò sì parí iṣẹ́.

Síbẹ̀, ọ̀rinrin ni ọ̀tá awọ yìí. Ohun tó dára nínú yàrá gbígbẹ lè má la òjò Ẹ̀gbá já, òjé inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dé Odò Ògùn.

Òòrùn kò wọ́n ní Ẹ̀gbá; iná ló wọ́n. Bí ọmọ aládìrẹ bá wọ yàrá ìwádìí lọ́la, kò ní wọ ibẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ìyá rẹ̀ ti fi hàn án pé kì í ṣe inú ìkòkò nìkan ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́: ìgbà tí ó bá ń gbẹ ni kí ó máa ṣọ́.