Ẹja tí Mo Dá Padà Sódò

Bí oṣù kẹjọ ọdún bá dé, tí òjò sì dáwọ́ dúró fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀gbọ́n ìyá mi a yọ ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ lórí àjà. Oṣù Ògún ni Yorùbá ń pe oṣù náà. Ògún alágbẹ̀dẹ ni mo wí o, kì í ṣe Ògùn tí í ṣe odò Yemọja. Lójú bàbá náà, àwọn méjèèjì kò jìnnà síra: ọ̀dọ̀ ọ̀kan ni irin ìwọ̀ ti wá, inú èkejì ni ẹja ń gbé.

Ẹni tó bá mọ agbègbè wa yóò mọ̀ pé odò Ògùn, tó ti ọ̀nà Ṣakí ṣàn bọ̀, ló wà láàárín Ifọ̀ ní apá kan, àti Mówè òun Ìbàfò ní apá kejì, kí ó tó wọ ọ̀sà l'Ékòó. Ifọ̀ wà ní ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ojú irin Èkó sí Abẹ́òkúta gbà kọjá. Mówè àti Ìbàfò wà ní ìlà-oòrùn, lẹ́bàá títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978. Ifọ̀ ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Ìbàfò ni mo ti ń lo ọlidé ọlọ́jọ́ gbọọrọ, lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá mi. Àsìkò ọlidé àti àsìkò ìwọ̀ sì ṣe kòńgẹ́ ara wọn.

Ilẹ̀ àbàtà ni tiwa, kì í ṣe ilẹ̀ òkè àti àpáta. Àwọn odò kéékèèké ló ń gba abẹ́ ọparun wọnú Ògùn. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀, omi wọn a pọ́n bí ẹrẹ̀. Bí òjò bá dáwọ́ dúró, ẹrẹ̀ a rì, omi a sì mọ́ débi pé ènìyàn lè ka ìka ọwọ́ rẹ̀ nínú rẹ̀. Bàbá a so okùn ọ̀rá mọ́ ọparun tẹ́ẹ́rẹ́, a fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀. A kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ sókè. “Ibi tí omi ti ń bọ̀ ni ẹja ń kọjú sí,” ni ó máa ń wí, “bí ọmọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà de ìyá rẹ̀ tó lọ sọ́jà. Ẹ̀yìn rẹ̀ la ó gbà.”

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mo gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an lẹ́nu òyìnbó kan létí odò Wharfe, ní Yorkshire, níbi tí mo ti lọ kẹ́kọ̀ọ́. Ìparí àsìkò ooru wọn ni, omi fà, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí náà òwúrọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ nìkan ni à ń lọ. Ẹja trout ló ń dẹ. Omi tútù ni trout ń fẹ́; òun ló fà á tí àwọn òyìnbó tó fẹ́ máa dẹ ẹ́ ní Kenya fi ní láti kó o wá sínú odò orí òkè níbẹ̀ ní 1905. Wọn kì í lo ekòló. Ìyẹ́ adìyẹ àti òwú ni wọ́n fi ń wé ìwọ̀ títí yóò fi jọ kòkòrò tó já bọ́ sómi. Kòkòrò àtọwọ́dá yìí fúyẹ́ jọjọ; okùn ló wúwo, okùn ni a sì ń jù. Etí mi àti àwọn igi etí odò jẹ ìyà kí n tó mọ̀ ọ́n jù! Bí òyìnbó yìí bá mú ẹja, a rẹ ọwọ́ rẹ̀ sómi, a yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀ jẹ́jẹ́, a sì jẹ́ kó lọ. Ó wù mí púpọ̀. Mo rò pé ìwà tó ga ju tiwa lọ ni.

Nígbà tí mo délé, mo gbé ọ̀pá òyìnbó mi tọ Bàbá lọ. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ kan kòkòrò oníyẹ̀ẹ́ náà, ó ní ẹni tó wé e mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ẹja wa kò náání rẹ̀, mo sì fi ekòló rọ́pò rẹ̀. Kò pẹ́ ni àrọ̀ kan gbé e mì, ó gùn tó ìgúnpá mi sí ọwọ́. Mo rẹ ọwọ́ mi sómi bí wọ́n ti kọ́ mi, mo yọ ìwọ̀, mo sì jẹ́ kó lọ.

Bàbá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

“Ìwọ ọmọ yìí, o kò fẹ́ jẹ ẹ́ ni?”

“Bàbá, ẹ má bínú, mo kàn fẹ́ mú un wò ni.”

“Bí o kò bá fẹ́ jẹ ẹ́, kí ló dé tí o fi gún un lẹ́nu?”

Ó ká okùn rẹ̀, ó lọ sílé. Kò bá mi dé etí odò mọ́ títí mo fi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́dún náà.

Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. N kò lè dá òyìnbó lẹ́bi pátápátá, nítorí níbi tí apẹja bá ti pọ̀ tí ẹja kò sì tó nǹkan, dídá a padà ni ẹja kò fi ní tán. Àmọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n bá láyé ni: Izaak Walton, tó tẹ ìwé rẹ̀ lórí ẹja dídẹ jáde ní 1653, kọ́ òǹkàwé rẹ̀ bí a ti ń mú trout, ó sì kọ́ ọ bí a ti ń se ẹja. Bàbá náà sì ń dá ẹja padà, àwọn wẹ́wẹ́. Nígbà tí òjò bá ń kún odò, tí àrọ̀ tó ní ẹyin nínú ń wọnú koríko lọ yé e, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ̀ fi ìgèrè dí i lọ́nà. Nítorí ọdún tó ń bọ̀ ni. Tèmi ńkọ́? Nítorí ìdùnnú ara mi ni mo fi gún ẹja lẹ́nu, mo sì tún ń retí kó dúpẹ́.

Bàbá ti kú. Èkó ti gbòòrò dé Mówè, wọ́n ti fi yanrìn dí àbàtà púpọ̀ láti kọ́lé, gọ́tà sì ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pe odò wa kékeré yẹn báyìí. Odò Ògùn gan-an kò fi òjò nìkan ṣe ìwọ̀n mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí dáàmù Ọ̀yán ní 1983, bí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ lókè, ó lè kún ní ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn.

Ṣùgbọ́n kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, ní oṣù Ògún ọdún kejì tí mo jẹ́ kí àrọ̀ yẹn lọ, mo tún padà sí ibẹ̀. Bàbá tẹ̀ lé mi, ó dúró lẹ́yìn mi, kò sọ nǹkan kan. Àrọ̀ mìíràn gbé e, kò tó ti àkọ́kọ́. Mo fi igi lù ú lórí lẹ́ẹ̀kan, bí Bàbá ti kọ́ mi ní kékeré. Ìyàwó rẹ̀ sè é, ata rẹ̀ kò kéré, a sì fi láfún jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé àwo síwájú Bàbá, ó mú orí ẹja, èyí tí í ṣe ti àgbà nílé wa, ó sì gbé e sínú àwo mi.

“Jẹ ẹ́,” ni ó wí. “Ṣọ́ra fún egungun.”