Ta Ló Sọ fún Yín?

Kò sí òbí kan ní ìlú Ìgbàjà wa, ní Kwara, tí kì í bi ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè kan. Ọmọ á sáré wọlé láti ibi eré, á ní wọ́n ti ní kò sí ilé ìwé lọ́la. Ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ ní gbé ojú sókè: "Ta ló sọ fún ọ?" Bí ọmọ bá ní Àlàbá ni, òmíràn á tẹ̀lé e: "Ta ló sọ fún Àlàbá?" Kó tó kan ẹnì kẹta, ọ̀rọ̀ á ti tú. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé àwa tí à ń bi ọmọ bẹ́ẹ̀, a kì í bi fóònù wa.

Ẹ rántí òru omi iyọ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2014 ni, Ebola ti wọ Èkó, ọkàn gbogbo wa ò balẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan dé pé kí oníkálukú fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ká gbogbo Nàìjíríà. Òbí ń jí ọmọ lójú oorun, wọ́n ń bu iyọ̀ sómi, wọ́n ń ní, "Gbé e mì, má tu ú." Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Òbí wo ni yóò gbọ́ pé ikú ń bọ̀ tí yóò káwọ́ gbera? Ṣùgbọ́n kí oṣù náà tó parí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé ìròyìn tó dé etí àwọn ni pé, ó kéré tán, ènìyàn 2 ti kú nídìí omi iyọ̀ yìí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Lóòótọ́ ni, àmọ́ irọ́ ti iyọ̀ kò bèèrè ogún ọdún. Òru kan ló fi ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán.

Kí ni ọmọ ọdún mẹ́wàá tí a jí lóru ọjọ́ náà rí kọ́? Ó kọ́ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti lè dẹ́rù bani, a kì í bèèrè ẹni tó ni ín mọ́. Ọmọ náà pé ọdún 18 ní 2022, ọdún tó tẹ̀lé e sì ni ìdìbò ààrẹ. Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ ká dìbò 25 oṣù kejì, ohùn kan gba orí fóònù kan: wọ́n ní àwọn aṣáájú PDP, Atiku, Okowa àti Tambuwal, ló ń gbìmọ̀ bí wọn yóò ṣe ṣe màgòmágó. Àwọn aṣàyẹ̀wò ìròyìn ní ayédèrú ni. Lẹ́yìn ìdìbò, òmíràn tún jáde, wọ́n ní Peter Obi, tí òun náà díje, àti Bíṣọ́ọ̀bù Oyèdépò, ọmọ Òmù-Àrán wa níbí, ló ń sọ̀rọ̀. Obi ní irọ́ ni, ìwé ìròyìn tó gbé e jáde ní òótọ́ ni. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, a ò dúró gbọ́ tẹnu ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ tí bàbá ń ṣe ló pinnu èyí tó jẹ́ òótọ́, àwọn ọmọ sì jókòó tì wá, wọ́n ń gbọ́.

Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lọ́dún náà lé ní mílíọ̀nù 93. Àwọn tó dìbò kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. N kò ní sọ pé irọ́ orí fóònù nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbà pé èké ni gbogbo wọn, kí ni yóò tò sórí ìlà nínú oòrùn fún?

Kí n má ṣe bí ẹni pé ayé àtijọ́ mọ́ ju èyí lọ. Lọ́dún 1990, ariwo gba Èkó àti ìlú mìíràn pé bí àlejò bá fara kan ọkùnrin, nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ á pòórá, wọ́n sì lu aláìṣẹ̀ nítorí rẹ̀. Irọ́ wà nígbà náà, àmọ́ ó ní láti wọ mọ́tò kó tó dé Ìgbàjà. Bí akéde bá lu agogo, a mọ ọba tó rán an. Rédíò Harmony FM tó wà ní Ìdófìàn, ẹni tí wọ́n bá ṣì sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ ẹnu ọ̀nà wọn.

Ọ̀dọ́ la máa ń di ẹ̀bi èyí lé lórí. Àbí ẹ ò gbọ́ ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ìdìbò Amẹ́ríkà ti 2016? Àwọn tó ti ju ẹni ọdún 65 lọ ló pín ìròyìn èké lórí Facebook jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méje ti àwọn tó kéré jù lọ́jọ́ orí. Àwa gan-an ni.

Ibi tó wá le sí nìyí. Ẹ wo àwùjọ WhatsApp ẹbí. Bùrọ̀dá àgbà fi ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀, ọfà méjì wà lókè rẹ̀. Àmì pé ọ̀rọ̀ náà ti tọwọ́ dé ọwọ́ lọ́pọ̀ ìgbà nìyẹn, pé kì í ṣe ẹni tó fi ránṣẹ́ ló kọ ọ́. Ọmọ wa tó wà ní yunifásítì ní Màléètè rí ọfà náà, ó mọ̀ pé àwòrán ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n gbé wá. Kí ló fẹ́ sọ? A ti kọ́ ọ láti kékeré pé ọmọ kì í sọ fún àgbà pé ó purọ́. Ó kọ "Àmín, sà," ó kọjá. Nígbà rògbòdìyàn lórí lílo híjáàbù ní ilé ẹ̀kọ́ ní Ìlọrin ní 2021, tí ìjọba ti ilé ẹ̀kọ́ 10 pa, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń wọ inú ẹbí tó jọ ń jẹ ẹran Iléyá, tó jọ ń jẹ Kérésì. Àwọn tó lè là wá lójú dákẹ́, nítorí ẹ̀kọ́ ilé tí a fún wọn.

Ṣé ká wá sọ fún wọn pé kí wọ́n má gba ohunkóhun gbọ́? Rárá o. Nígbà tí àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì CAC ní Erúkú ní oṣù kọkànlá 2025, fídíò tó wà lórí fóònù wa kì í ṣe irọ́, kámẹ́rà ṣọ́ọ̀ṣì ló ká a. Ọmọ tó bá pe gbogbo nǹkan ní irọ́ lè jókòó sílé lọ́jọ́ tó yẹ kó sá.

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, kí ìdìbò mìíràn tó dé, ẹ pe àwọn ọmọ yín jókòó. Ẹ sọ fún wọn lẹ́nu ara yín pé àyè wà láti ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ èyí wò." Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì sọ bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ẹbí, ẹ dákun, ẹ má pè é ní àrífín.