Ìjàpá Tí Ó Wà Lẹ́hìn Ilé Wa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí ahun tí mo ṣe ṣe yín. Lábẹ́ àtíbàbà páànù lẹ́hìn ilé wa ní Pákátà, Ìlọrin, ni Volkswagen tí Bàbá mi rà ní 1978 wà, irú Ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Èkó ní 1975. Àwọn tí ń ra irin àlòkù wá ná an; mo kọ̀. Gbogbo Sátidé ni mo ń tún un ṣe.

Mọkáníìkì ní kí n pààrọ̀ rọ́bà tí epo ń gbà. Mo ní yóò ṣì ṣe díẹ̀ sí i. Nígbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ẹ̀hìn náà, tí afẹ́fẹ́ ń tù, tí kì í mu omi, dáhùn. Ìdùnnú mi kò tíì tán tí epo fi kán sí irin gbígbóná, iná sì sọ! Ọmọ mi ń gbé omi bọ̀; mo ké pé iyanrìn ni kí ó gbé, nítorí magnesium wà nínú irin ẹ́ńjìnnì rẹ̀, omi a sì máa ru iná irú irin bẹ́ẹ̀ sókè. Ọlọ́run yọ wá.

Rọ́bà kékeré kan ni ó fẹ́rẹ̀ gba ilé Bàbá lọ́wọ́ mi. Ẹ pààrọ̀ tiyín kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́.