Ta ló ń san owó ibodè, Àjọkẹ́?

Àjọkẹ́ mi, Eyínfúnjowó, ọmọ tí í kọ́kọ́ jẹ ẹran kó tó bu ìrẹsì,

O kú òtútù Chicago o. Láti Ìlaró níbí, Ìyá àgbà ní kí n bi ọ́ bóyá o ṣì ń sun oorun ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ń ṣú (má bínú, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́).

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi. O ní owó tí ìjọba yín ń bù lé ọjà òkèèrè, àwọn ará Ṣáínà ló ń san án. Háà, Àjọkẹ́! Ìwọ tí a jọ dàgbà nítòsí ibodè! Ọwọ́ ẹni tó kó ọjà wọlé ni aṣọ́bodè ti ń gbowó, onítọ̀hún á sì kó o lé orí ọjà. Òótọ́ ni, ẹni tó tà á lókèèrè lè dín díẹ̀ kù, oníṣòwò náà lè fi díẹ̀ nínú èrè rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kù, ọrùn oníbàárà ló ń wọ̀.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ tí o rà lọ́dún 2018, tí o pariwo owó rẹ̀ títí, ńkọ́? Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n bu ìdá 20 nínú 100 lé èyí tó ń ti òkèèrè wọlé, tó tún ń di 50 bí iye tó wọlé bá ti kọjá 1.2 mílíọ̀nù. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé láti Yunifásítì Chicago, nílùú rẹ níbẹ̀, àti ti Federal Reserve, báńkì àpapọ̀ yín, ṣèwádìí rẹ̀: owó ẹ̀rọ náà fò sókè ní nǹkan bí ìdá 12. Ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ, tí ẹnikẹ́ni kò bu nǹkan kan lé, gbówó lórí tẹ̀lé e, nítorí àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń tà pọ̀.

Ìrẹsì ni tiwa. Ìdá 110 nínú 100 ni ìjọba wa bù lé èyí tó ń ti òkèèrè wọlé lọ́dún 2013, kó tó wá di 70 fún oníṣòwò lásán, nígbà tó sì di 2016 wọ́n ní kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi ń já ìrẹsì sí Kútọnu, irú èyí tí kò wọ́pọ̀ nínú ìkòkò àwọn ará ibẹ̀, awa ni wọ́n ń já a dè. Ṣé o rántí àwọn ọkọ̀ fàyàwọ́, tí wọ́n ti yọ àga ẹ̀yìn wọn, tí àpò kún inú wọn dé òrùlé? Ìwọ lo sọ awakọ̀ kan ní Ìrẹsì-ń-fò! Nígbà tí wọ́n ti ibodè lóṣù kẹjọ ọdún 2019, Sẹ̀mẹ̀ kò ṣí títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, Ìdí-Ìrókò tiwa di 2022.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Bọ̀sẹ̀ tó máa ń wọn ìrẹsì gègèrè, tí ìwọ á máa ṣa èyí tó bá dà sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹnu kóńgò rẹ́gírẹ́gí. Ìrẹsì Ọ̀fadà tí kò mọ ọ̀nà ibodè rí náà gbówó lórí. Inú mi dùn fún àgbẹ̀ tó rówó níbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé abiyamọ tó ń ra kóńgò kan fún ọmọ mẹ́rin ló ń san owó ibodè, oúnjẹ ló sì ń gbé gbogbo owó rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún un pé ó ń san án.

Ó wá ku ọkọ̀ tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Láńre wa níbí. (Àràárọ̀ ló ń gbálẹ̀ ibi tí yóò gbé e sí, ó ti lé adìẹ Ìyá àgbà kúrò níbẹ̀!) Dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé ọkọ̀, aṣọ́bodè á wá sọ ọ́ di náírà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, 422 náírà ni wọ́n ń ka dọ́là kan sí. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,400. Kí wọ́n má tilẹ̀ fi ohunkóhun kún ìdá tí wọ́n ń gbà, owó náà ti lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Láńre kò sì ní i, ìwọ ni yóò kàn.

Torí náà, fi ìwé ọkọ̀ náà ránṣẹ́ kí wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, kí n fún ejẹ́ńtì kan ní Àpápá kó bá wa ṣírò rẹ̀. Má tíì sọ fún Láńre o, ó ti ra òrùka alárànbarà tí yóò so kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mọ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àdùkẹ́