Ẹ Má Jẹ́ Kí Bùọ̀dá Da Ẹ̀tù Kátíríìjì Sínú Ṣakabùlà Bàbá

Lancaster, Pennsylvania

Àǹtí àti gbogbo ilé,

Àbúrò yín ti gbọ́ ohùn tí Bùọ̀dá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp: wọ́n fẹ́ yin ṣakabùlà Bàbá níbi ìrántí, ẹ̀tù sì ti wọ́n, wọ́n bá tú kátíríìjì, wọ́n gbọn tinú rẹ̀ sínú agolo mílíìkì. Láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú àbúrò yín.

Bó bá pe Bùọ̀dá fúnra wọn, wọ́n á ní ẹni tí kò wá sìnkú Bàbá ló tún fẹ́ wá darí ilé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún, nítorí òótọ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ parí ìjà tí Bùọ̀dá jà lórí ìbọn yìí kan náà ló ṣe kọ̀wé sí.

Ẹ̀tù tí Bàbá ń lò, èédú, imí ọjọ́ àti potassium nitrate ni wọ́n ń pò pọ̀, potassium nitrate yìí sì ń kó nǹkan bí ìdá 75 nínú 100. Èyí tó wà nínú kátíríìjì kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀. Nitrocellulose ni, ìyẹn òwú tí wọ́n fi ásíìdì sọ di nǹkan mìíràn. Paul Vieille, ará Faransé, ló fi ṣe ẹ̀tù aláìléèéfín fún ìbọn ọmọ ogun ní 1884.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé, bí ẹ bá ṣáná sí ìwọ̀nba rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, jẹ́jẹ́ ni yóò máa jó. Ẹ̀tù dúdú ni yóò ṣe fùú lẹ́ẹ̀kan náà, tí èéfín funfun á gba ojúde. Bùọ̀dá dán an wò lẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n ní ọ̀lẹ ni, àwọn á bù kún un.

Inú irin ni ìwà rẹ̀ ti ń yí padà. Bí ooru àti afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá há, tí kò rí ọ̀nà jáde, ṣe ni yóò túbọ̀ yára jó. Bó ṣe ń yára sí i ni agbára tó ń ti irin ń pọ̀ sí i, títí irin á fi là.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n tún wà níbẹ̀. Lára páálí kátíríìjì níbí, ẹ lè rí dram 3. Iye ẹ̀tù inú rẹ̀ kọ́ o! Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọta rẹ̀ á yára tó èyí tí dram 3 ẹ̀tù dúdú bá tì. Dram 3 jẹ́ grain 82, àmọ́ nǹkan bí grain 20 ti aláìléèéfín ti tó fún iṣẹ́ yẹn. Bùọ̀dá ò ní òṣùwọ̀n. Ìdérí àdó Bàbá ni wọ́n á fi bù ú, kún dẹ́múdẹ́mú.

Ọ̀rọ̀ irin náà wà níbẹ̀. Ní 1895, nígbà tí ilé iṣẹ́ ìbọn Winchester fẹ́ ta ìbọn 1894 rẹ̀ fún ẹ̀tù aláìléèéfín, irin tuntun tó ní nickel nínú ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá rẹ̀. Ti Bàbá ńkọ́? Páìpù omi ni alágbẹ̀dẹ fi pààrọ̀ rẹ̀. Àpá ibi tó ti jó o pọ̀ ṣì wà nídìí rẹ̀, ó ti dípẹtà, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bùọ̀dá máa súnmọ́. Ó lè yìn lẹ́ẹ̀kan láìsí ewu, kí wọ́n máa yọ̀, kí irin sì ti ya nínú.

Níbí pàápàá, àwọn ọdẹ Pennsylvania ṣì ń fi ìbọn olókùúta ìṣáná pa àgbọ̀nrín lẹ́yìn Kérésìmesì. Lára ọ̀pọ̀ ìbọn tí wọ́n ń rọ báyìí ní àwòṣe ti àtijọ́, wọ́n fín in sára irin pé ẹ̀tù dúdú nìkan ni kí wọ́n fi yìn ín.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀tù wọ́n ni, owó ẹ̀tù dúdú ti wà lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba agolo yẹn lọ́wọ́ Bùọ̀dá kí àwọn ọdẹ tó dé síbi ìrántí náà. Bí Bùọ̀dá bá bínú, kí wọ́n pe àbúrò yín lálẹ́ ọjọ́ Sunday, kò ní sí níbi iṣẹ́. Kí wọ́n bú u tó bí wọ́n ṣe fẹ́.

Àbúrò yín