Rẹ àti Rẹ̀
Àwọn tó ní àmì ohùn kò pọn dandan máa ń sọ pé gbólóhùn fúnra rẹ̀ yóò túmọ̀ ọ̀rọ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá kọ “mo fi ọkọ ro oko” láìfi àmì sí i, kò sẹ́ni tí yóò rò pé ọkọ ìyàwó ni ó fi roko. Kódà “kọ́” inú kọ́lé àti “kọ́” inú kọ́mọ, ohùn kan náà ni wọ́n ní, síbẹ̀ wọn kì í dà wá láàmú. Ṣùgbọ́n “mo ri baba rẹ lana” ńkọ́? Bàbá tìrẹ ni, àbí ti ẹlòmíràn? Kò sí ohun tí gbólóhùn náà lè bá wa ṣe sí i. “O wa” le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìwọ ni tàbí òun, ó wá ni tàbí ó wà?

Wọ́n á ní títẹ àmì lórí fóònù ń gba àkókò. Ó ń gbà á lóòótọ́. Síbẹ̀ Àjàyí Crowther ti fàmì sọ́rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ ti 1852, nígbà tí kò sí fóònù kankan. Bí gbogbo rẹ̀ bá nira, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi “rẹ̀” sílẹ̀ láìfàmì sí i.