Ojú Rúlà àti Ojú Ọ̀nà

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe ara mi kan fún yín. Ní ọdún 2017, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe ní Kontagora, ní ìpínlẹ̀ Niger. Kìṣí, ní òkè Ọ̀yọ́, sì ni ilé bàbá mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù pé bàbá wa ti dágbére fáyé. Wọ́n ní, "Ìgbà wo ni o lè dé?"

Ìwé àwòrán ilẹ̀ kan wà lórí tábìlì mi. Mo fi rúlà wọn àlàfo ìlú méjèèjì, mo ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 230. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, n óò dé kí ẹ tó kí Àìlà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró dè mí."

Rúlà kò sọ fún mi pé Odò Ọya wà láàrin. Ẹyẹ lè fò ó kọjá níbi tó bá wù ú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wá afárá lọ. Ọ̀nà kan wà tí ó gba dáàmù Kainji, tí wọ́n kọ́ parí ní 1968, lọ sí Bussa Tuntun àti Kaiama. Òun ni ó yá jù lójú ìwé, àmọ́ kò sí awakọ̀ kan ní gáréèjì tí ó fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. A sọ̀kalẹ̀ sí Mokwa, a gba afárá Jẹ́bà, a dé Ìlọrin, kí a tó tún ṣẹ́rí padà sókè, gba Ìgbẹ́tì lọ sí Kìṣí. Gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 400. Ká tó dé Mokwa, tírélà kan ti dábùú ọ̀nà. Ó lé ní wákàtí méjì tí a fi jókòó sínú oòrùn.

Ní Jẹ́bà, mo kí Àìlà ní rákà méjì. Èmi fúnra mi ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi bárídì mẹ́rin, tí ó lé ní 80 kìlómítà, ṣe ìwọ̀n ìrìn-àjò tí a fi ń dín ìrun kù, àti pé ọ̀nà tí ènìyàn tọ̀ ni wọ́n ń wò. Mo sì ti kọ́ wọn nípa al-Bīrūnī, ẹni tí ó parí ìwé Taḥdīd ní 1025. Nígbà tí ó ń wá ibi tí Kíbláà wà láti Ghazna, ó kó iye ìrìn àwọn oníṣòwò láti ìlú dé ìlú jọ, ó sì yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀nà a máa wọ́. Èmi tí mo ń ka èyí fún ọmọlọ́mọ ni mo fi igi rúlà dá àkókò ìsìnkú bàbá mi!

Wọ́n dúró. Àìlà kọjá, wọ́n ṣì ń wo ọ̀nà. Fóònù mi kò wọlé. Àwọn àgbà tí wọ́n ti abúlé wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè ohun tí a tún ń dúró dè. Lẹ́yìn Alásàrí ni wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí mo wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi wí. Wọ́n bu omi fún mi, wọ́n mú tọ́ọ̀ṣì, a sì jọ rìn dé ìdí sàréè. Erùpẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù.